Hòtẹ́ẹ̀lì ń ka yàrá, kúrúùsì ń ka orí: èwo ló máa jẹ owó yín jù?

Àǹtí mi àti ọkọ ẹ̀ máa pé ọdún 25 tí wọ́n ti fẹ́ra wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Owó àjẹṣẹ́kù wọn ti ń di nǹkan gidi, ni àwọn méjèèjì bá pinnu pé àwọn ò ní pe páàtì, owó tí àwọn ì bá fi ra aṣọ ẹbí àti kúlà tí èèyàn máa gbé lọ sílé, àwọn máa fi rìnrìn àjò. Sátidé kan báyìí mo yà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó na fóònù sí mi, fídíò ọkọ̀ ojú omi ni, àwọn òyìnbó ń yọ̀ ṣọ̀ọ̀ bọ́ sínú omi, oúnjẹ kún tábìlì bíi ti ọjọ́ ọdún, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé dọ́là 499 fún alẹ́ 7. "Àbúrò, ṣé o rí i? Hòtẹ́ẹ̀lì tá a sùn l'Ékòó nígbà ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá wa, alẹ́ méjì péré, owó ẹ̀ sún mọ́ ìdajì èyí, oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni wọ́n sì fún wa." Mo ní Àǹtí mi, ẹ fún mi ní bírò. Torí mo ti bá àwọn èèyàn ṣírò irú ẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé 499 yẹn kì í ṣe 499.

Kí n tó máa lọ, kì í ṣe boat cruise tí àwọn ọmọ Èkó ń ṣe lórí ọ̀sà là ń sọ o, èyí tí DJ á máa lu orin fún wákàtí mẹ́ta tí wọ́n á ya Tarkwa Bay tí wọ́n á yí padà. Kúrúùsì tí à ń sọ, ọkọ̀ tó dà bí odindi àdúgbò ni, èèyàn ń sùn síbẹ̀, ó ń jẹun níbẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ á rí i pé ìlú mìíràn lòun jí sí. Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Miami ní January 2024, dẹ́kì 20 ló ní, ó lè gba èrò 7,600, ẹ má tíì ka àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,000. Ká kó èrò Ọjà Igbó lọ́jọ́ ọjà sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo ká wá gbé e sórí òkun.

Orí tàbí yàrá

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ jù nìyí. Iye tí hòtẹ́ẹ̀lì kọ, yàrá ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹ sùn ní ẹnìkan, ẹ sùn ní méjì, owó yẹn náà ni, ó kù sọ́wọ́ yín. Kúrúùsì ò rí bẹ́ẹ̀, orí ni wọ́n ń kà, iye tí ẹ bá sì rí, wọ́n ti gbà lọ́kàn pé ẹ̀yin méjì lẹ máa wà nínú yàrá ni wọ́n ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà 499 Àǹtí mi ti di 998 kí á tó dìde lórí àga. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó èbúté àti owó ìjọba, èyí tí àwọn kan ń kọ mọ́ ọn, tí àwọn kan ń fi pa mọ́ títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ti fẹ́ sanwó. Ní Amẹ́ríkà ó ti dára díẹ̀, torí òfin kan ní California tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2024 ní dandan kí wọ́n kó gbogbo owó tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ pọ̀ sójú kan, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tip ò sí nínú ẹ̀ o, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa dá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá dá nìkan gba yàrá lórí ọkọ̀, púpọ̀ nínú wọn máa gba owó ẹni kejì tí kò wá lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí kó kù díẹ̀ kó pé méjì. Ẹ ó sanwó ẹni tí ẹ ò rí. Hòtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe irú ẹ̀ fún yín.

Tó bá jẹ́ tọkọtìyàwó pẹ̀lú ọmọ méjì, ọ̀rọ̀ tún yí padà, torí owó ẹni kẹta àti ẹni kẹrin nínú yàrá kan máa ń wálẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìgbà míì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ owó èbúté nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé yàrá tí kò ní fèrèsé tó rọ̀ jù lọ yẹn kò tóbi ju yàrá kan nínú fésì-mi-n-fésì-ẹ́ ní Sábó, ẹ̀yin mẹ́rin á máa forí gbára lóru.

Oúnjẹ, omi, àti ohun tí wọ́n ń tà fún yín lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó

Ọmọ ibi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan ni wá, a ò fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré. Ibí ni kúrúùsì sì ti ju hòtẹ́ẹ̀lì lọ kedere. Oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ wà nínú owó tẹ́ ẹ san, bùfé ń bẹ ńbẹ̀ tí ẹ lè bu ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni ò ní wò yín lójú, tíì àti omi àti kọfí lásán wà níbẹ̀, eré alẹ́, odò ìwẹ̀, ibi ìṣeré ọmọdé, gbogbo ẹ̀ ti wọlé. Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá fún yín ní búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀, ó ti parí, ọ̀sán àti alẹ́ ẹ wá nǹkan jẹ o. Ẹni tó bá ń jẹun dáadáa bíi ọkọ Àǹtí mi (ẹ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀), kúrúùsì á san án.

Àmọ́ mínírà inú agolo, owó ni. Bíà àti wáìnì, owó ni, owó ńlá sì ni. Àwọn ilé oúnjẹ pàtàkì inú ọkọ̀ tí wọ́n ti ń dín ẹran màlúù ńlá, owó ni. Lórí àwọn ọkọ̀ Yúróòpù kan, omi ìgò tí wọ́n bá gbé sórí tábìlì yín lálẹ́ pàápàá, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ dè yín. Wi-Fi lè tó dọ́là 15 sí 30 lójúmọ́, tí ẹ bá sì gbàgbé pa network fóònù yín tí ó lọ gba ti ojú òkun, ẹ máa sunkún. Wọ́n máa ń ta ètò ọtí fún yín lójoojúmọ́, ká sọ dọ́là 70 fún ẹnìkan, wọ́n á tún fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, fún ẹ̀yin méjì lọ́jọ́ 7 ó ti lé ní 1,150 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó yàrá. Àwọn kan tún ní òfin pé tí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá rà á, èkejì gbọ́dọ̀ rà á. Àǹtí mi àti ọkọ ẹ̀ ò mutí, Bàptíìsì ògidì ni wọ́n, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ń pa àwọn mìíràn lówó yìí, wọ́n máa fò ó kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń mu tó ìgò mẹ́fà lálẹ́, ẹ ṣe ìṣírò tiyín lọ́tọ̀.

Tip wá ńkọ́? Òun ni ó ń bí àwọn ará wa nínú jù. Lórí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí, wọ́n máa ń gé dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, àtọmọdé o, fún àwọn tó ń tún yàrá ṣe àti àwọn tó ń gbé oúnjẹ. Ẹ ò ní rí i nínú ìpolówó. Orí ni wọ́n tún ń kà níbẹ̀. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ohun tó bá wù yín lẹ máa fún ẹni tó gbé báàgì yín.

Kí n má puró, hòtẹ́ẹ̀lì náà ní èékánná tiẹ̀. Nílé níbí, VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí ẹ̀, Èkó tún ní owó orí tiẹ̀ tó jẹ́ ìdá 5, service charge tún lè wà. Ní Dubai, wọ́n ń gba dírámù 7 sí 20 lórí yàrá lálẹ́ kan, ó dá lórí ìràwọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Amẹ́ríkà ní ohun tí wọ́n ń pè ní resort fee, owó tí hòtẹ́ẹ̀lì ń fi lé owó yàrá, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ohun tó wà fún tó yé mi. Ẹ sì wo bí orí àti yàrá tún ṣe yọjú: láti July 2025 Gíríìsì ń gba yúrò 20 lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó bá ti orí kúrúùsì sọ̀kalẹ̀ sí Santorini tàbí Mykonos nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èrò pọ̀ jù.

Ìṣírò tí a ṣe lẹ́yìn káàdì ìpàdé àjẹṣẹ́kù

Iye wọ̀nyí, èmi ni mo mú wọn lérò láti fi hàn bí a ṣe ń ṣe é, ẹ fi iye tí ẹ bá rí lọ́jọ́ tiyín rọ́pò wọn. Mo fi náírà 1,500 ṣírò dọ́là kan kí orí wa má baà dàrú. Ìlú tí a mú ni Barcelona, torí ọkọ̀ púpọ̀ ń gbéra níbẹ̀ lọ yí ká Mẹditaréníà. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti físà, a yọ wọ́n sílẹ̀ ná torí ọgbọọgba ni wọ́n jẹ́.

Kúrúùsì, alẹ́ 7, yàrá tí kò ní fèrèsé: dọ́là 700 fún ẹnìkan, owó èbúté ti wà nínú ẹ̀, ó di 1,400. Tip 16 lọ́nà méjì fún ọjọ́ 7, 224. Wi-Fi sórí fóònù kan, 105. Ọkọ̀ ojú irin àti owó ìwọlé ní àwọn ìlú tí wọ́n bá dé, 200. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ohun tí Àǹtí mi ò ronú kàn rárá: ẹni tó máa wọ ọkọ̀ yìí máa sùn hòtẹ́ẹ̀lì náà ni. Ẹ ò lè ti Èkó gbéra kí ẹ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ṣí lẹ máa balẹ̀, tí bàálù bá pẹ́ wákàtí 4 ọkọ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó máa dúró dè yín. Nítorí náà alẹ́ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú oúnjẹ, 200. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 2,129, ìyẹn náírà 3,193,500.

Hòtẹ́ẹ̀lì, alẹ́ 8 kó lè bára dọ́gba, 130 lálẹ́ kan: 1,040. Oúnjẹ 35 fún ẹnìkan lójúmọ́: 560. Mẹ́tírò, bọ́ọ̀sì, owó ìwọlé síbi ìgbafẹ́: 250. Àròpọ̀ jẹ́ 1,850, náírà 2,775,000.

Dọ́là 279 ló wà láàárín wọn. Àǹtí mi wo ìwé yẹn títí, ó ní "ṣebí hòtẹ́ẹ̀lì ló dín?" Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló dín, ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo lẹ rí. Ọkọ̀ yẹn á gbé yín dé ìlú 4 tàbí 5, ẹ ò sì ní tú báàgì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ Róòmù náà, owó bàálù kékeré àti hòtẹ́ẹ̀lì tuntun máa jẹ 279 yẹn láìkù kọ́bọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé Barcelona nìkan ló wù yín kẹ́ ẹ sinmi kẹ́ ẹ sùn, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?

Ìlú tí ọkọ̀ dé yẹn gan-an, ẹ má ṣe rò pé inú ìlú lẹ máa bọ́ sí. Wọ́n á kọ "Róòmù" sí ìwé, ibi tí wọ́n máa já yín sí ni Civitavecchia, ó jìnnà sí Róòmù ju Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ lọ, ọkọ̀ ojú irin gba bíi wákàtí kan. Tí wọ́n bá ní Florence, Livorno ni. Wọ́n á ta ìrìn àjò wákàtí díẹ̀ fún yín lórí ọkọ̀ ní owó ọ̀wọ́n, ẹ lè fúnra yín wọ ọkọ̀ ojú irin ní owó táṣẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pẹ́ lọ́dọ̀ ara yín wọn ò ní dúró, tó bá jẹ́ ìrìn àjò tiwọn lẹ bá lọ wọ́n máa dúró. Òun lẹ ń sanwó fún nínú ọ̀wọ́n yẹn.

Lórí iye kan náà, ẹni tó dá lọ lórí ọkọ̀ máa san nǹkan bíi 1,780, ní hòtẹ́ẹ̀lì bíi 1,445. Níbi tí oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì bá ti wọ́n bí iná, bíi Norway, kúrúùsì ló máa ń gbé owó wálẹ̀ fún tọkọtìyàwó. Níbi tí oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì bá ti rọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì ni, kò gba àríyànjiyàn.

Físà, ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí tòyìnbó

Gbogbo ìfiwéra tí àwọn òyìnbó ń ṣe, wọn ò fi pásípọ́ọ̀tù tiwa ṣe é. Físà Schengen, ẹyọ kan tó ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà láti June 2024, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ìlera tó kéré tán tó yúrò 30,000. Èyí jẹ́ ọ̀kan náà fún méjèèjì. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé ọkọ̀ ń jáde. Tó bá ti Barcelona lọ sí Tunis kó tó padà, ẹ ti jáde ní Schengen ẹ sì ń padà wọlé, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ò lè gbé yín, ẹ tún gbọ́dọ̀ bójú tó físà Tunisia fúnra ẹ̀. Bákan náà ni ọkọ̀ MSC, ilé iṣẹ́ kúrúùsì kan, tó máa ń ti Durban lọ sí etí òkun Mozambique, ẹ ó jáde ní South Africa ẹ ó tún padà. Ti Amẹ́ríkà le jù: July 2025 ni wọ́n kéde pé físà àlejò tí wọ́n ń fún àwa ọmọ Nàìjíríà di ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta péré, January 2026 ni wọ́n tún wá dá fífún wa ní físà àlejò tuntun dúró. Ẹni tó bá fi ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan yẹn wọ Miami, tó wọ ọkọ̀ lọ Bahamas, kí ló máa fi padà wọlé? Hòtẹ́ẹ̀lì ò gbé yín kúrò níbì kan.

Ẹ wá jẹ́ n dúró lórí èyí, torí òun ló ń jẹ owó àwọn èèyàn wa jù. Hòtẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ń jẹ́ kí ẹ fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó dé, ẹ lè mú ìwé ẹ̀ lọ fún ẹ́ńbásì láìsan kọ́bọ̀. Kúrúùsì, wọ́n máa ń fẹ́ kí owó pé ní bíi oṣù mẹ́ta ṣáájú, bí ọjọ́ bá sì ti ń sún mọ́lé ni iye tí wọ́n máa dá padà ń dín, títí tó fi máa di òdo. Àwọn ẹ́ńbásì ò mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yín máa gbéra, kò sì kàn wọ́n. Ẹnìkan wà tí mo mọ̀ nílùú yìí, ó ti san gbogbo owó ẹ̀ lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì kan, físà ò dé títí ọkọ̀ fi ṣí, ohun tí wọ́n dá padà fún un ò tó ra táyà mẹ́rin. Kò sí ẹni tó jalè. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí, kò kàn kà á ni. Ohun tí mo sọ fún Àǹtí mi ni pé kó gba hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣe é fagi lé, kó fi wá físà ìwọlé púpọ̀, ọjọ́ tí físà bá jáde ni ká tó wo ọkọ̀ tó ń lọ. Ọkọ̀ tí yàrá ò tíì tán nígbà tó kù díẹ̀ kó gbéra máa ń rọ̀ nígbà míì.

Káàdì náà, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Inú ọkọ̀, wọn kì í náwó lọ́wọ́, káàdì ni wọ́n á so mọ́ orúkọ yín, wọ́n á sì ti owó kan mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀ kí ẹ tó rà ohunkóhun. Ẹ lọ ṣí domiciliary, àkáǹtì owó òkèèrè, ní báǹkì yín kẹ́ ẹ gba káàdì dọ́là ẹ̀, ẹ má fi káàdì náírà dán an wò lórí òkun.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rò ó láti gbé gààrí àti èlùbọ́ dání, lórí ọkọ̀ wọn ò gbà oúnjẹ tí wọ́n sè nílé, púpọ̀ nínú wọn ò sì gbà kẹ́túlù, áyọ́ọ̀nù àti hot plate torí ẹ̀rù iná, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín níbi àyẹ̀wò. Ẹni tí kò lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan láìrí àmàlà láfún, kó gba apáátímẹ́ńtì tó ní kíṣíìnì, ó tún máa ń dín owó oúnjẹ kù púpọ̀. Dókítà wà lórí ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó gidi ló ń gbà, nítorí náà ẹ wo ìnṣọ́ránsì yín bóyá ó kan ojú òkun. Iná ò ní lọ sha. Kò sí ẹni tó máa sọ fún yín pé jẹ́ń á kú ní aago 12.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìkẹjà, ẹ mọ bí ojú ọ̀nà ṣe ń rí, ẹ sùn l'Ékòó lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ kọ ìyẹn náà mọ́ ọn, lọ àti bọ̀.

Ẹni tí gbogbo ìṣírò yìí bá dẹ́rù bà, Ganvié ní Benin ò jìnnà, abúlé orí omi lórí adágún Nokoué, ECOWAS ò béèrè físà lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ 90, ẹ lè sùn hòtẹ́ẹ̀lì ní Cotonou kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lójú ọ̀sán. Mo sọ èyí fún ọkọ Àǹtí mi, ojú ẹ̀ tàn. Àǹtí mi wò mí bíi pé mo bú u.

Níbi tí a dé báyìí, Barcelona ni wọ́n fẹnu kò sí, hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣe é fagi lé, tí físà ìwọlé púpọ̀ bá bọ́ sí i a ó tún un wò. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n mú pásípọ́ọ̀tù wá ni mo rí i pé ti ọkọ ẹ̀ ku oṣù mẹ́rin kó tán. Tuntun olójú ewé 32 ti di 100,000 náírà láti September 2025, olójú ewé 64 jẹ́ 200,000. A ò kọ ìyẹn sínú ìṣírò kankan. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń lọ Ìbàdàn lọ ṣe tuntun.